Ọjọ́ Orí Méjì tí Kápútéènì Àjàlá Ní

Ẹjọ́ kan dé ààfin Báálẹ̀ Ìdí-Àgbọn lánàá, ẹjọ́ ojú òfuurufú ni, àmọ́ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kì í kúrò nílẹ̀ ni wọ́n jókòó láti dá a. Nínú gbogbo ìjòyè tó pé, ẹnì kan ṣoṣo ló ti wọ bàálù rí, ìyẹn nígbà tó lọ sí Mẹ́kà, ó sì ní ojú òun wà ní dídì láti Ìkẹjà títí dé ibẹ̀.

Mùtíù ló pẹjọ́. Páílọ́ọ̀tì ni, ṣùgbọ́n igbákejì ni, ẹni tó máa ń jókòó sápá ọ̀tún ọ̀gá nínú bàálù. Ó ti jókòó síbẹ̀ títí irun iwájú orí rẹ̀ fi ń sá sẹ́yìn. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni ọ̀gá rẹ̀, Kápútéènì Àjàlá, ọmọ bíbí Ìdí-Àgbọn lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́ bíi tirẹ̀. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ní kó lọ fẹjọ́ sun àwọn aláṣẹ. Ó ní rárá, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ọ̀rọ̀ ará ilé, ilé la ti ń parí ẹ̀. Nǹkan mìíràn tún wà tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ìjòyè Ọ̀tún tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Báálẹ̀ yẹn ni bàbá Rodiat tí Mùtíù fẹ́ fẹ́, bàbá náà sì ti búra pé òun ò ní fọmọ òun fún kọ́ńdọ́ bàálù.

“Kí ló ṣe ọ́?” ni Báálẹ̀ bi í.

“Báálẹ̀, òfin ní ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínláàádọ́rin ò gbọdọ̀ wa bàálù akérò mọ́. Ó gbọ́dọ̀ dìde kí ẹni tó kàn lè jókòó. Ọ̀gá mi ò dìde. Lọ́dún kọkànlá sẹ́yìn tí mo kọ́kọ́ bá wọn ṣiṣẹ́, a jẹ kéèkì ọgọ́ta ọdún wọn. Mo ní kò burú, ó kù díẹ̀. Lọ́dún kẹta sẹ́yìn, wọ́n tún pè wá, a tún jẹ kéèkì ọgọ́ta.”

“Ṣé kéèkì náà dùn?” Ọ̀tún ló bèèrè bẹ́ẹ̀.

“Ó dùn, sà, àmọ́ ó há mi lọ́fun.”

Báálẹ̀ kọjú sí Kápútéènì. Aṣọ iṣẹ́ ni bàbá náà wọ̀ wá, ìlà góòlù mẹ́rin wà léjìká rẹ̀, ó sì gbé fìlà rẹ̀ sábẹ́ apá.

“Àjàlá, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?”

“Mẹ́tàlélọ́gọ́ta, Báálẹ̀.”

“Kéèkì méjì ńkọ́?”

“Mi ò sẹ́ kéèkì. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Bí mo bá gbéra ní Ìkẹjà ní aago méje àárọ̀, aago méje àárọ̀ náà ni mo máa ń balẹ̀ sí Ghana. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti débẹ̀ rí, aago tiwọn fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Wákàtí tí mo lò lójú ọ̀run yẹn, ta ló kà á sí mi lọ́rùn? Kò sẹ́ni tó kà á. Gbogbo ìgbà ni mo sì ń lọ. Ẹ wá ro iye ọdún tí mi ò tíì lò.”

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ń fi ìka ṣírò rẹ̀, ó dé ibì kan, ó bá kó ọwọ́ sábẹ́ agbádá.

“Ṣé ẹ kì í padà wálé ni?” Ọ̀tún bèèrè. “Wákàtí tí ẹ jèrè ní àlọ, ṣé ẹ ò ní pàdánù rẹ̀ ní àbọ̀?”

“Ní àbọ̀, mo máa ń sùn, sà. Ọmọ yìí ló máa ń wà á. Wákàtí tó bá sọnù lójú ọ̀nà, ọwọ́ ẹni tó ń wakọ̀ ló ti sọnù.”

Mùtíù fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Inú bí i débi pé ó gbàgbé pé iwájú àgbà lòun wà.

“Báálẹ̀, ṣé ẹ gbọ́? Orí mi ni wọ́n ń da ọjọ́ ogbó wọn lé.”

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ni Ọ̀tún gbọ́. “Ẹ dúró ná. Ẹ ní Mùtíù ló ń wa bàálù bọ̀ wálé?”

“Kò séwu ńbẹ̀, sà. Ó mọ̀ ọ́n wà dáadáa.”

“Awakọ̀ ń sùn, kọ́ńdọ́ ló ń wà á,” Ọ̀tún ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́, ó sì tún Mùtíù wò láti òkè délẹ̀.

Kápútéènì rí i pé òun ti sọ̀rọ̀ jù. “Ẹ̀yin bàbá, ohun tí àgbà bá fi ìjókòó rí...”

“Àgbà wo?” ni Báálẹ̀ wí. “Ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ní o ò tíì dàgbà.”

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí Mùtíù síwájú. Alhaji Kàmọ́rù ni, àbúrò Kápútéènì, tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Ìkòròdú. Mùtíù fọkàn tán an pátápátá. Ẹni tó bá èèyàn jẹun nínú abọ́ kan náà láti kékeré, bí kò bá mọ ọjọ́ orí onítọ̀hún, ta ni yóò mọ̀ ọ́n?

“Alhaji, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ̀gbọ́n yín?” Ọ̀tún bi í.

“Mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Kò fi ọjọ́ kan lé.”

Mùtíù yíjú sí i. “Alhaji, nílé yín níjẹta, ẹ ní wọ́n ti lé ní àádọ́rin.”

“Mo ti tún un rò. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin lèmi. Bí òun bá jẹ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta, èmi lẹ̀gbọ́n. Bí mo bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n, èmi ni olórí ẹbí, èmi sì ni orí àgbò Iléyá tọ́ sí. Ó ti pẹ́ tó ti ń dá a jẹ. Mi ò lè torí bàálù ẹlòmíràn pàdánù orí àgbò.”

“Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni ìyá yín kọ́kọ́ bí?” ni Báálẹ̀ bèèrè.

“Òun ni ìyá wa kọ́kọ́ bí, Báálẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo dàgbà jù.”

Ó kan ẹlẹ́rìí Kápútéènì. Ìyàwó rẹ̀ ni, Alhaja Fàlílátù, ọkọ rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń bọ̀, bí ẹni tí ẹjọ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀.

“Alhaja, ọdún mélòó lọkọ yín fi jù yín lọ?” Ọ̀tún bi í.

“Mẹ́fà.”

“Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Mo pé márùndínláàádọ́rin lóṣù tó kọjá, Alihamudulilai.”

“Ọkọ yín ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin nìyẹn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ti ilé nìyẹn. Ti ibi iṣẹ́ yàtọ̀. Ti ibi iṣẹ́, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń bọ́ ọ sí pẹ̀lú bàtà.”

“Fàlílátù,” Kápútéènì pè é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, “èmi lo wá jẹ́rìí fún o.”

“Ẹ̀yin náà ni mo ń jẹ́rìí fún. Lójú mi kọ́ ni wọ́n máa ti gba orí àgbò lọ́wọ́ yín.”

Nígbà náà ni ẹnì kan dìde láàárín èrò. Iṣẹ́olúwa ni. Ó ti gba ìwé àṣẹ páílọ́ọ̀tì láti ọjọ́ pípẹ́, àmọ́ ọkọ̀ ojú omi ló ń wà ní Ìjẹ̀dẹ́.

“Báálẹ̀, èmi ni mo wà lẹ́yìn ẹni tó wà lẹ́yìn. Bí Kápútéènì ò bá dìde, Bọ̀dá Mùtíù ò ní sún. Bí Bọ̀dá Mùtíù ò bá sún, èmi ò níbi tí mo máa jókòó sí. Láàárọ̀ yìí, mo tún ní kí àwọn èrò ọkọ̀ mi di bẹ́líìtì. Ọkọ̀ ojú omi ọ̀hún ò ní bẹ́líìtì. Ìyá ẹlẹ́ja kan ló ṣàánú mi, ó fi gèlè so ara rẹ̀ mọ́ pákó.”

Báálẹ̀ mí kanlẹ̀. “Àjàlá, bí o bá jókòó sílé, kí ni yóò ṣe ọ́?”

“Báálẹ̀, bí mo bá sọ̀rọ̀ lókè lọ́hùn-ún, igba èèyàn ló ń dákẹ́ gbọ́ mi. Nílé, bí mo bá ní kí àwọn ọmọ-ọmọ mi bu omi fún mi, wọ́n á ní kí n ní sùúrù, àwọn ń tẹ fóònù. Ẹ̀rù ilé ń bà mí.”

Àánú ọ̀gá rẹ̀ ṣe Mùtíù. Inú sì tún bí i pé àánú ṣe òun.

“Nílùú yìí,” ni Báálẹ̀ wí, “ọjọ́ orí kan ṣoṣo lèèyàn ń ní. Mú ọ̀kan. Bí o bá mú mẹ́tàlélọ́gọ́ta, máa wa bàálù rẹ lọ. Àmọ́ láti òní lọ, Kàmọ́rù lẹ̀gbọ́n rẹ, wàá sì dọ̀bálẹ̀ kí i níbi tí o bá ti rí i. Fàlílátù náà ti fi ọdún méjì jù ọ́ lọ. O ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ mọ́, ‘Àǹtí mi’ ni wàá máa pè é, òun ni yóò sì máa rán ọ níṣẹ́. Bí o bá mú mọ́kànléláàádọ́rin, gbé fìlà yẹn sílẹ̀ síbí.”

Kápútéènì wo fìlà. Ó wo Kàmọ́rù, tó ti na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú de ìkíni.

“Mo mú mẹ́tàlélọ́gọ́ta,” ó wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún àbúrò rẹ̀.

Ìdọ̀bálẹ̀ náà dára. Dídìde ni kò ṣeé ṣe. Kápútéènì gbé apá kan, ó dá a padà. Ó ká orúnkún kan, gbogbo ààfin gbọ́ bó ṣe dún. “Mo ń sinmi ni,” ó wí látorí ẹní. Wọ́n dúró dè é títí. Nígbà tó yá, Kàmọ́rù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fà á dìde, ẹ̀yìn tirẹ̀ náà bá há, àwọn méjèèjì wá ń mí hẹlẹ lórí ẹní kan náà. Mùtíù àti Iṣẹ́olúwa ni wọ́n gbé wọn sórí àga.

“Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí kò sọ ọ̀rọ̀ méjì lónìí ni orúnkún,” ni Báálẹ̀ wí. “Àjàlá, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni ọ́. Orí àgbò di tìrẹ, fìlà di ti Mùtíù. Lọ́jọ́ Ajé, ìwọ fúnra rẹ ni wàá lọ sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé o ti dàgbà. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ á pa fóònù, wọ́n á tò sórí àga ní méjìméjì, wàá sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ títí o fi máa balẹ̀. Èyí tó bá dìde kí o tó balẹ̀, òun ni yóò fọ abọ́ ilé fún oṣù kan.”

Ojú Kápútéènì ṣe omijé. Ó gbé fìlà náà lé Mùtíù lórí fúnra rẹ̀, Ọ̀tún sì ní kí Mùtíù kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá tọrọ Rodiat.

“Kí irú ẹjọ́ yìí má baà tún wáyé,” ni Báálẹ̀ wí, “Mùtíù, sọ ọjọ́ orí tìrẹ lójú gbogbo wa, ká lè mọ ọdún tí ìwọ náà máa dìde.”

Mùtíù ò purọ́ ọjọ́ orí rí láyé rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìlélógójì, gbogbo àwọn tó wà níjókòó ló sì mọ ọdún tí ìyá rẹ̀ bí i. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ó wá ro iye ọdún tó kù fún òun lábẹ́ fìlà náà, ó rí i pé kò tó rárá.

“Méjìdínlógójì,” ó wí.

Iṣẹ́olúwa ti tún wà lórí ìdúró.

“Báálẹ̀,” ó wí, “mo fẹ́ pẹjọ́.”