Ọjọ́ Tí Mo Ní "Ó Tì"

Ọjọ́ kan wà tí kò lè tán lọ́kàn mi, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ kékeré ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi padà sí ilé wa ní Ìkìrun.

Mò ń kọ́ iṣẹ́ mónógíráàmù, fífi ẹ̀rọ rán àwòrán sára aṣọ, nígbà náà ní Ṣàngó. Kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ̀rọ ọ̀gá mi. Àwọn tó tà á ti kìlọ̀ pé àwòrán tí àwọn bá tà nìkan ni ká máa fi sí i. Bí a bá fi ti ẹlòmíràn sí i, yóò ti ara rẹ̀ pa. Mo rò pé wọ́n ń dẹ́rù bà wá lásán ni.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe omi èso gbé ṣẹ́ẹ̀tì òṣìṣẹ́ wá. Wọ́n fẹ́ ọ̀pẹ òyìnbó sí àyà rẹ̀. Èyí tí a rà lọ́wọ́ àwọn tó ta ẹ̀rọ jọ àgbàdo. Bí ọ̀gá mi ṣe jáde, mo yọ́ fi èyí tó rẹwà tí ọ̀rẹ́ mi fún mi sínú kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ pọ́n, ẹ̀rọ dákẹ́. Mo pa á, mo tàn án, kò dáhùn.

Ọ̀gá mi wọlé. "Ṣé nǹkan ṣe ẹ̀rọ yẹn ni?"

Ojú ń tì mí, ohùn mi ò jáde dáadáa. "Ó tì, mà."

"Alhamdulillahi." Ni wọ́n bá pe oníbàárà pé kó máa bọ̀.

Dírẹ́bà ilé-iṣẹ́ náà dé, ó ní aṣọ dà? Ọ̀gá wò mí. "Ṣebí o ní ó tì?"

"Kọ̀ǹpútà ló tì, mà."

Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọ̀gá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n lọ di ẹrù mi.

Ìyá Sàmíátù tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa ní òdìkejì títì ló gbọ́. Òun àti ọ̀gá mi kì í yá ara wọn ní abẹ́rẹ́. Ó ní, "Ẹ kó aṣọ náà wá. Ẹ̀rọ tèmi kì í bèèrè ẹni tó bí àwòrán. Ohun tí a bá fún un ló ń jẹ."

Ó ń rán an, mò ń gé òwú, títí wọ́n fi pe ìrun àsárì. Nígbà tí ọ̀gá mi fẹ́ dúpẹ́, Ìyá Sàmíátù ní, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí dúró. Kò jalè. Ọ̀pẹ òyìnbó tó dáa ló ń wá."

Bí mo ṣe parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Ọlọ́run má jẹ́ kí n gbàgbé ìyá náà.

Lọ́dún tó kọjá, mo fẹ́ ra ẹ̀rọ tèmi sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Alápòótì. Mo ní kí ẹni tó ń tà á fi àwòrán ẹlòmíràn sí i lójú mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ò fọkàn tán mi ni?"

Èmi tí mo máa ń tijú rẹ́rìn-ín, mo sì sọ ọ́ ní kíkún: "Mi ò fọkàn tán yín, sà. Ẹ fi sí i kí n rí i."