Sípíkà Tí Wọ́n Fi Aṣọ Bò

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, Alàgbà Ayọ̀délé Fáṣínà sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ti Iléṣà dé, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ọjà-Ọba ní Òṣogbo kọjá, ó sì wọ ṣọ́ọ̀bù Awwal Sàláúdéènì, ọkùnrin tó ń ta sípíkà. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló mú dání, ó sì fi aǹkáṣíìfù wé e bí ẹni wé ẹyin. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Alàgbà fi ṣe aṣàyẹ̀wò kòkó fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, ojú tó sì fi ń wo àpò kòkó nígbà náà ló fi ń wo gbogbo ọjà títí di òní. Ó kan igi ara sípíkà kan gbọ́n-ọ́n gbọ́n-ọ́n, ó gbọ́ òórùn ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún Awwal pé kó má ṣe fi èyí tó dára jù síwájú kó wá kó èyí tí kò dára sí ìsàlẹ̀.

"Bàbá, kòkòrò kì í jẹ sípíkà," ni Awwal wí.

"Gbogbo ẹni tí kòkòrò ti jẹ kòkó wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Alàgbà fìdí kalẹ̀, ó sì là á yé e. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni òun àti ìyàwó òun, Cecilia, yóò pé ogójì ọdún tí àwọn ti ṣe ìgbéyàwó. Àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò pé jọ sí Iléṣà, wọn yóò sì jọ gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yìí, èyí tí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn gbà sílẹ̀ ní ọjọ́ ìkórè, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Cecilia kọ ohùn òkè nínú rẹ̀, Alàgbà sì kọ béèsì. Ṣùgbọ́n rédíò ilé wọn kì í gbé béèsì jáde. Ohùn Cecilia nìkan ló ń mú wá, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì ti gbọ́ ọ tán ni Cecilia máa ń béèrè ibi tí ọkọ òun wà lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ yìí ti wá di àdéhùn láàárín wọn. Bí àwọn ọmọ bá gbọ́ béèsì Bàbá lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá ni yóò máa lé orin lọ níbi àdúrà òwúrọ̀, bó ṣe ń lé e láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí wọn kò bá gbọ́ ọ, Cecilia ni yóò máa lé orin, Bàbá yóò sì máa gbè é. Cecilia sì fi kún un pé ohùn òun náà gbọ́dọ̀ mọ́ ketekete, nítorí òun kò ní gba ariwo tó bá bo òun mọ́lẹ̀.

"Ẹni tó ti ń lé orin fún ogójì ọdún," ni Alàgbà wí, "ṣé o fẹ́ kó di elégbè nínú ilé ara rẹ̀?"

Awwal ní òun kò lè fẹ́ irú rẹ̀ fún ọ̀tá òun pàápàá. Ó gba kásẹ́ẹ̀tì náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó wo ojú Alàgbà, ó tún wo kásẹ́ẹ̀tì, ó sì kì í bọ inú ẹ̀rọ.

Sípíkà tó kọ́kọ́ tàn ga dé àyà ènìyàn. Bí orin ti bẹ̀rẹ̀, gíláàsì ojú fèrèsé ń gbọ̀n, kàlẹ́ńdà já bọ́ lára ògiri, Alàgbà sì rí i tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò òun ń mì láìsí atẹ́gùn. Béèsì kún ilé, àmọ́ gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ti di màlúù kan ṣoṣo tó ń ké nínú kòtò. Alàgbà rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Èmi nìyẹn."

"Èwo nínú rẹ̀, Bàbá?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Màmá ńkọ́?"

Alàgbà tẹ́tí títí. Cecilia kò sí níbẹ̀ rárá. Ó rántí àdéhùn, ẹ̀rín náà sì rọra kúrò lójú rẹ̀. Awwal wá ṣàlàyé pé sípíkà tó bá fẹ́ràn béèsì jù a máa gbé ọ̀rọ̀ mì; pé béèsì tó dára a máa wúwo, ṣùgbọ́n a máa dúró níbi tó yẹ kó dúró.

Ó so èkejì, kékeré tó ṣeé gbé sí abíyá. Ohùn Cecilia jáde, ó mọ́ débi pé ènìyàn ń gbọ́ ibi tó ti ń mí. Àwọn ọkùnrin ni ènìyàn kò gbọ́. Awwal ní wọ́n wà níbẹ̀, àmọ́ pé sípíkà kékeré kò ní àyà tí yóò fi gbé wọn.

"Rédíò ilé mi ló wọ aṣọ tuntun yìí," ni Alàgbà wí, ó sì yí ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bó ṣe yíjú báyìí ló rí sípíkà kan tí wọ́n fi aṣọ bò lẹ́yìn tábìlì. Nígbà iṣẹ́ rẹ̀, àpò tí wọ́n bá gbé pa mọ́ sẹ́yìn ló máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ tú.

"Ṣí ìyẹn."

"Ìyẹn ti ní olówó, Bàbá. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni wọn yóò wá gbé e."

"Àwọn ará oko náà máa ń sọ pé àpò tẹ̀yìn ti ní olówó."

Awwal fi ọwọ́ họ orí. Ó ní, ká sòótọ́, yóò dára kí Bàbá má gbọ́ èyí. Nínú gbogbo ohun tó lè sọ, kò sí èyí tó burú tó ìyẹn. Alàgbà dìde, ó fúnra rẹ̀ ká aṣọ náà kúrò.

Sípíkà yìí ní ẹnu méjì, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè. Awwal gbé e jìnnà sí ògiri díẹ̀, ó sì fi orin sí i. Alàgbà jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó. Ọ̀rọ̀ ẹnu Cecilia ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bíi kòkó gbígbẹ tí wọ́n ń dà sórí àwo. Lábẹ́ rẹ̀, béèsì kan dìde láti ilẹ̀, ó wúwo, ó rọ́bọ́tọ́, ó sì ń dúró níbi tó yẹ.

"Èmi nìyẹn," ni Alàgbà wí, ṣùgbọ́n kò wo ojú Awwal bó ṣe ń sọ ọ́.

Ó mọ̀ pé òun kọ́. Fẹ̀hìntọlá káfíńtà tó dúró tì í lọ́jọ́ náà ni. Fẹ̀hìntọlá ti kó lọ sí Ẹ̀sà-Òkè láti ọdún gbọọrọ, Alàgbà sì gbà pé béèsì tí olóhùn rẹ̀ kò sí nítòsí, ẹni tó wà nítòsí lè jogún rẹ̀.

Ẹsẹ kẹta dé. Ohùn ọkùnrin mìíràn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ béèsì náà, ó ń sáré tẹ̀lé orin àwọn obìnrin, kò sì bá wọn. Alàgbà yí ìdí padà lórí àga. Nígbà náà ni ọ̀gá akọrin sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì, ó sì dà bí ẹni pé etí wọn gan-an ló ti ń sọ ọ́:

"Ayọ̀délé, jọ̀wọ́, ẹnu nìkan ni kí o máa là. Má mú ohùn jáde mọ́."

Ohùn kejì náà dákẹ́, orin sì dùn títí dé òpin.

Awwal mú aṣọ, ó ń nu sípíkà kan tí kò ní eruku.

"Ayọ̀délé pọ̀ láyé," ni Alàgbà wí.

"Wọ́n pọ̀, Bàbá."

"Nínú ẹgbẹ́ akọrin wa nìkan..." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà wọ́n. Ìka kan ló kà dé.

Lẹ́yìn èyí ló wá béèrè bóyá ọ̀nà kan wà láti dín mímọ́ sípíkà náà kù. Awwal ní láti ọdún mẹ́wàá tí òun ti ń ta ọjà yìí, òun kò tíì rí oníbàárà tó bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbìyànjú. Ó dín ohùn òkè kù, ọ̀gá akọrin rì, Cecilia náà bá a rì. Ó gbé Cecilia dìde, ọ̀gá akọrin tẹ̀lé e dìde. Wọ́n fi béèsì kún un, Fẹ̀hìntọlá ń bú bí ààrá, àmọ́ ibi tí Fẹ̀hìntọlá ti dúró mí gan-an ni ọ̀gá akọrin ti sọ tirẹ̀. Alàgbà ní kí wọ́n tì í mọ́ igun ògiri. Béèsì wú, ó kún gbogbo ilé, ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ náà sì gba àárín rẹ̀ kọjá bí ẹni tó mọ ọ̀nà ilé náà tẹ́lẹ̀.

"Ọmọ mi, sípíkà yìí ní àbùkù."

"Kí ni àbùkù rẹ̀, Bàbá?"

"Kò mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gbé mì."

Ó dìde, ó ní kí Awwal di èyí àkọ́kọ́ fún òun, èyí tó ń já kàlẹ́ńdà lulẹ̀. Òun yóò sọ fún Cecilia pé kò sí èyí tó dára jù ú lọ ní gbogbo Òṣogbo. Awwal kò kúrò lójú kan.

"Bàbá, ẹ má rà á. Wàláhì, kò ní wúlò fún yín. Màmá kan láti Iléṣà ló ni èyí tí a ń tì mọ́ ògiri yìí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n wá. Kásẹ́ẹ̀tì yìí náà ni wọ́n fi dán an wò."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Cecilia ní òun fẹ́ lọ wo àbúrò òun tí ibà ń ṣe ní Òṣogbo. Alàgbà tún rọra jókòó.

"Kí ló ní òun ń wá?"

"Wọ́n ní kí béèsì rẹ̀ wúwo, kí ẹ má bàa rí nǹkan wí. Wọ́n sì ní kó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ọ̀gá akọrin kò fi ní sọnù."

Alàgbà wá béèrè bóyá Cecilia rẹ́rìn-ín. Awwal ní òun ní láti wá omi fún wọn mu. Bàbá na aǹkáṣíìfù sórí orúnkún, ó tò ó létí dáadáa, ó sì gbé orí sókè.

"Dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kẹta," ni ó wí. "Mo fẹ́ mọ ibi tí ikọ́ yóò ti mú mi lọ́jọ́ Àìkú."