Pósí Yín Ń Dúró Dè Yín

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, kò sí ìjòyè tó lè wo ojú ẹnìkejì rẹ̀ kó má bú sẹ́rìn-ín. Káfíńtà tó pẹjọ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Pósí ni iṣẹ́ tirẹ̀, gbogbo àdúgbò sì ti ń sá fún un.

"Kábíyèsí, àbúrò ìyàwó mi nìyí, Fikún-un ni wọ́n ń pè é. Mo ní kó bá mi ṣe ìkànnì sórí ayélujára: àwòrán pósí, nọ́ńbà fóònù, ó tán. Ó ṣe é, ó dára. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í so plọ́gíìnì mọ́ ọn."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Fikún-un fò dìde. "Kí ẹ pẹ́, Kábíyèsí. Bí ìkànnì bá jẹ́ ilé, plọ́gíìnì ni fáànù. Ẹ ò ní wó ilé torí pé ẹ fẹ́ so fáànù. Ẹ kàn máa fi kún un ni."

"Ó so fáànù títí òrùlé fi fẹ́ fò lọ!" Káfíńtà ké. "Opó kan ra pósí fún ọkọ rẹ̀, omijé ò tíì gbẹ lójú rẹ̀, ìkànnì ní, 'Ẹ kú oríire! Ẹ tètè padà wá o!' Plọ́gíìnì mìíràn ní kí ẹni tó lo pósí wá sọ bó ṣe tù ú lára sí."

"Ta ni yóò wá sọ ọ́?" Ọ̀tún béèrè.

"Ohun tí mo bi í nìyẹn!"

"Bọ̀dá, oníbàtà ni mo kọ́kọ́ fi àwọn plọ́gíìnì yìí ṣiṣẹ́ fún," Fikún-un ní. "Ọjà rẹ̀ sì tà wàràwàrà."

Ni tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì bá dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ láti jẹ́rìí. "Mo kàn wo pósí kan lórí ìkànnì yẹn torí pé fáníìṣì rẹ̀ wù mí ni. N ò rà á. Láràárọ̀ báyìí, fóònù mi á dún: 'Bàbá, pósí yín ń dúró dè yín. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́.' Ìyàwó mi ò jẹ́ kí n dá wọ ilé ìwẹ̀ mọ́."

"Ìránnilétí ni, bàbá! Oníbàtà náà..."

"Fi oníbàtà sílẹ̀!" Kábíyèsí ké mọ́ ọn. "O ní ẹlẹ́rìí?"

Fikún-un pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ìyàwó káfíńtà.

"Kábíyèsí, iṣẹ́ àbúrò mi ò lẹ́gbẹ́. Kò sí àléébù kankan lára ìkànnì yẹn."

"O ti ṣí i wò?"

"Mo gbìyànjú. Ẹrù ló pọ̀ lórí ẹ̀. Mo gbé ìrẹsì kaná, ó jinná, a jẹ ẹ́, a fọ abọ́, kò tíì ṣí."

"Àǹtí mi!" Fikún-un figbe ta. "Ẹlẹ́rìí ta lẹ jẹ́ gan-an?"

Káfíńtà káwọ́ lérí. "Mo ní kó yọ wọ́n, kò yọ wọ́n. Bí mo bá ń kọjá, àwọn arúgbó ń tilẹ̀kùn mọ́ mi. Èmi tí mo bá wọn sin ìyá wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀!"

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Kábíyèsí wú ikọ́.

"Fikún-un, yọ gbogbo wọn lónìí. Láti ọ̀la lọ, ìwọ gan-an lo di plọ́gíìnì. Wàá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ohun tí ìkànnì yẹn ń sọ, ẹnu ara rẹ lo máa fi sọ ọ́ fún àwọn olóòkú, lójúkojú."

Fikún-un dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, wọ́n á lù mí pa!"

"Káfíńtà," Kábíyèsí ní, "tètè wọn gígùn rẹ̀ kó tó dìde."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó fa téèpù yọ.