Oorun Baálẹ̀ Ọlátúnjí

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ? Kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, nítorí pé orúkọ irú wọn ló sábà máa ń sọnù nínú ìtàn. Móròmókẹ́ ni, opó Akínrìnlọ́, ní abúlé Ìdí-Orógbó. Ọdún tí eéṣú jẹ àgbàdo tán ni, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, tí oníkálukú ń pọ́n ọkọ́ láti kọ ebè.

Móròmókẹ́ dé oko tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ó bá pèrègún ààlà tó ti rìn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé pèrègún kì í rìn. Ṣùgbọ́n eléyìí ti kúrò létí odò, ó ti la àárín oko kọjá, ó ti lọ dúró jẹ́jẹ́ sí ìdí igi àgbálùmọ̀. Gbogbo ilẹ̀ ọlọ́ràá etí odò ti di ti aládùúgbò. Aládùúgbò náà ni Baálẹ̀ Ọlátúnjí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ẹjọ́ ní Ìdí-Orógbó, ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ yìí kan náà ló ń gbé e lọ.

Baálẹ̀ kì í ṣe òǹrorò. Ó lawọ́ bí inú rẹ̀ bá dùn, ó mọ àwàdà, ó sì máa ń dáhùn ìkíni ọmọ kékeré. Àléébù kan ló ní: bí ọ̀rọ̀ tó kan òun fúnra rẹ̀ bá ti ń bọ̀, oorun a gbé e lọ. Ọlá ló tún jí nínú orúkọ rẹ̀, òun alára kì í jí. Nígbà tó kíyè sí i pé àwọn olùpẹ̀jọ́ ti fẹ́ máa fọwọ́ kan òun léjìká, ó ṣòfin pé ẹni tó bá jí Baálẹ̀ lójú oorun yóò san àgbò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń retí iyán. Ó rí Móròmókẹ́ tó ń bọ̀, igbá lórí. Kíá, ó na ara sórí ẹní, ó yanu sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìhanrun rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àárín, ó sì ní fèrè kékeré kan níparí.

Móròmókẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìsinmi, Baba. Ọ̀rọ̀ pèrègún mi ni mo tún bá wá."

Baálẹ̀ fun fèrè.

"Wọ́n ti sùn. Kò burú, mo máa dúró dè wọ́n."

Baálẹ̀ rò pé yóò lọ bó ṣe máa ń lọ. Àfi bó ṣe gbọ́ tí nǹkan ń dún pà, pà, pà. Ẹ̀gúsí ló ń bó. Ẹni tó gbé ẹ̀gúsí wá síbi ẹjọ́ kò múra àtilọ.

Àjíkẹ́, ìyàwó Baálẹ̀, gbé iyán jáde. "Wọ́n tún ti sùn? Ṣebí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bú mi tán pé iyán ń pẹ́."

"Ẹ jí wọn, ìyá," ni Móròmókẹ́ wí.

"Níbo ni kí n ti rí àgbò? Iyán ò sì ṣe é dá padà sínú odó. Ìwọ, bọ́ síbí kí o wá jẹ ẹ́."

"Iyán Baálẹ̀?"

"Ṣé Baálẹ̀ ń jẹ ẹ́ ni?"

Baálẹ̀ gbọ́ nígbà tí òkèlè wọ inú ọbẹ̀. Ó gbọ́ nígbà tí eyín fọ́ orí òkété, orí òkété yíyan tó ti ń fojú sùn láti àárọ̀. Ó gbìyànjú láti hanrun, itọ́ ni ó gbé mì.

"Wọ́n gbé nǹkan mì," ni Móròmókẹ́ wí.

"Wọ́n ń jẹun lójú àlá ni," ni Àjíkẹ́ dáhùn. "Ìyẹn dáa. Wọn ò ní sọ pé ebi ni mo fi pa wọ́n."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ìránṣẹ́ ọba fi dé, tí ó fa ẹṣin funfun kan lọ́wọ́, gàárì pupa lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ará abúlé rọ́ tẹ̀lé e.

"Kábíyèsí kí Baálẹ̀," ló wí. "Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti gorí ìtẹ́, ẹjọ́ kankan kò ti Ìdí-Orógbó wá sí ààfin rí. Wọ́n ní baálẹ̀ ibẹ̀ ní láti mọ ẹjọ́ dá. Ẹṣin yìí ni ẹ̀bùn rẹ̀. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ gba ìjánu, kó sì fẹnu ara rẹ̀ dúpẹ́. Bí mi ò bá bá a lójúfò, kí n mú un lọ fún Baálẹ̀ Olókùúta."

Ìhanrun dákẹ́ lójijì.

Baálẹ̀ gbèrò pé òun yóò rọra jí, bí ẹni tí ẹyẹ jí. Ó na apá. Ó yán. Ó la ojú kan.

"Ẹ kú ojú oorun, Baba," ni Móròmókẹ́ wí. "Pèrègún mi ńkọ́?"

Ojú náà padé. Nínú ìkánjú, fèrè ìparí ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Irú àìsàn wo nìyí?" ni ìránṣẹ́ ọba bèèrè.

"Ara wọ́n le," ni Móròmókẹ́ dáhùn. "Ẹ dárúkọ ẹṣin, kí ẹ gbọ́."

"Ẹṣin," ni ọkùnrin náà wí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

"Pèrègún," ni Móròmókẹ́ wí. Baálẹ̀ hanrun.

Baba Fágbèmí, àgbà ahunṣọ tó dàgbà jù ní abúlé, fi ọ̀pá rẹ̀ la èrò kọjá. "Ẹ jẹ́ kí n dán an wò kí n tó kú. Ẹṣin." Kẹ́kẹ́ pa. "Pèrègún." Ìhanrun. Wọ́n wá ń ṣí Baálẹ̀, wọ́n ń tì í, bí ẹni ń ṣeré ilẹ̀kùn. Ẹṣin náà fúnra rẹ̀ na ọrùn, ó ki imú bọ Baálẹ̀ létí, ó yán. Òkú ì bá dìde. Baálẹ̀ yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Ẹ má rò pé kò ronú. Gbólóhùn kan péré ló lè gba ẹṣin náà sílẹ̀: "Mo ti gbọ́, n ó dá a padà." Ṣùgbọ́n ó fẹ́ gun ẹṣin, ó sì fẹ́ gbin iṣu sétí odò Móròmókẹ́. Ó rò pé ó máa rẹ obìnrin náà láìpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ènìyàn rí. A kì í mọ ọjọ́ tí ire máa yà. Ẹni tó bá ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́, kó rántí pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni ire ń gbà wọlé.

Nígbà tí wọ́n sọ òfin àgbò fún ìránṣẹ́ ọba, ó yọ̀ǹda ara rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n jí wọn. Èmi á san àgbò náà."

Baba Fágbèmí mirí. "Má fi àgbò rẹ ṣòfò, ọmọ mi. Ẹni tó sùn là á jí. A kì í jí apirọrọ."

Bí ẹṣin ṣe gba ọ̀nà Olókùúta lọ nìyẹn. Bí pátákò rẹ̀ ṣe ń dún jìnnà sí i, omi kan jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú Baálẹ̀. Àjíkẹ́ fi etí aṣọ nù ún. "Àlá yẹn ti korò," ló wí.

Láti ọjọ́ kejì, gbogbo ẹni tó ní ẹjọ́ ní Ìdí-Orógbó ló ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èyí ń hun ẹní, èyí ń ran òwú, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, wọ́n sì ń fi iyán Baálẹ̀ panu. Inú Àjíkẹ́ dùn, ilé rẹ̀ kò kún tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni kan ṣoṣo ló ń rù láàárín wọn.

Ohun tí ojú wọn rí nìyẹn tí wọ́n fi ń wí títí dòní pé ẹni tó sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ. Móròmókẹ́ gbọ́ òwe náà, ó sì gbà pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òun kò wá jí ẹnikẹ́ni. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ, ó sún mọ́ etí ẹní.

"Baba," ló wí, "ẹ dá pèrègún mi padà sétí odò."