Yísà Alápatà Ń Ra Ìwé Ọkàn Ọmọ

Lásìkò tí ọkọ̀ ojú irin òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlọrin, Yísà Alápatà ń ti ọjà bọ̀ ní tirẹ̀, ìrònú ọmọ rẹ̀ kan ló gbé dání. Bí ó ti ń kọjá lẹ́bàá ibùdó rélùwéè ni ó gbọ́ ohùn Múdàṣírù Oníwèé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó gbé àpótí ìwé kan dé, tó ń ké lábẹ́ igi òdán.

"Ìwé títọ́ ọmọ rèé o! Mo ti dín in! Mo ti dín in!"

Yísà dúró. Ó fa imú. "Oníwèé, n kò mà gbọ́ òórùn. Kí lo fi dín in, òrí àbí òróró?"

"Bàbá, owó rẹ̀ ni mo dín."

"O dín owó? Kọ́bọ̀ ò jóná mọ́ ọ lọ́wọ́?"

"Mo ní mo bu nǹkan kúrò nínú iye tí à ń tà á!"

"Hẹ́n-ẹn! O bu kúrò. Ìyẹn lò bá wí. Kí ló wá ṣe ìwé náà?" Yísà kò lè ṣe kó má béèrè, nítorí òun fúnra rẹ̀ kì í dín owó ẹran àfi tí eṣinṣin bá ti ṣáájú oníbàárà débẹ̀.

"Kò sí ohun tó ṣe é. Àánú àwọn òbí ló ń ṣe mí. Ọkàn ọmọ ló wà níbẹ̀."

"Ọ̀kan ọmọ? Mẹ́fà ni tèmi."

"Ọkàn, bàbá! Ọkàn! Èyí tó wà nínú àyà."

"Áà, ọkàn. Mo mọ̀ ọ́n, mò ń tà á." Yísà di ìkúùkù rẹ̀ láti fi bí ó ti tóbi tó hàn. "Ti màlúù ju báyìí lọ."

Múdàṣírù mí kanlẹ̀ bí ẹni tí Ọlọ́run fi òpè dán wò. "Kì í ṣe ti inú ìkòkò. Ọkàn tó máa ń dùn, tó sì máa ń bàjẹ́."

"Èyí tó bá ti bàjẹ́, Oníwèé, má tà á. Wàá ba orúkọ ara rẹ jẹ́."

"Bàbá! Ṣé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín tí inú rẹ̀ ò dùn?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Yísà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì rọra jókòó sórí etí àpótí.

"Ràúdátù," ni ó wí. "Kò bá mi sọ̀rọ̀ láti Iléyá. Ó ní ọ̀dọ́ àgbò kan tó ń sìn. Ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń jẹ ọkà bàbà, orí ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn. Àlàáfíà ló sọ ọ́."

"Ẹ wá tà á?"

"Alápatà ni mí. Iléyá sì dé. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó lè kí wa nílé mọ́. Tí àlejò bá ti wọlé tó ní 'Ṣé àlàáfíà ni?', ẹkún ni Ràúdátù ń bú sí. Ó tún ní òun ò jẹ ẹran mọ́. Ọmọ alápatà! Àwọn oníbàárà wá ń wí lábẹ́lẹ̀ pé, kí ni ọmọ náà mọ̀ tí àwọn ò mọ̀?"

"Ẹ ti rí i gbà!" Múdàṣírù ya ìwé kan jáde, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀. "Orí kẹrin ló wà."

"Ìwé yìí lórí mẹ́rin?"

"Méje ni. Ojú rẹ̀ sì lé ní igba."

"Subuhánà!" Yísà sún sẹ́yìn.

Múdàṣírù tún fìlà dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà bí ẹni tó gun orí mímbárì mọ́ṣáláṣí. "'Bí inú bá bí ọmọ sí bàbá rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni ó yẹ kí bàbá náà ṣe. Kí ó lọ bá ọmọ náà, kí ó sì...'" Ó ṣí ìwé sẹ́yìn, ó nà án sókè sójú oòrùn.

"Kí ó sì kí ni?"

"Ìkán ti jẹ ibẹ̀."

Yísà ti ìka bọ inú ihò náà. Ìka yọ lódì kejì. "Walahi, ìkán tó wà nínú àpótí rẹ á ti mọ ọmọ tọ́ gan-an."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mo mọ ohun tó wà níbẹ̀," ni Múdàṣírù wí, ẹni tí kò ka ìwé náà kọjá èèpo ẹ̀yìn rí. "Kí bàbá bẹ̀ ẹ́ ni."

"Kí n bẹ́ ẹ? Ẹni tí mo bẹ́ lọ́jọ́sí ló dá gbogbo èyí sílẹ̀!"

"Bẹ̀, bàbá! Ẹ̀bẹ̀! Ẹ tọrọ àforíjì."

"Bàbá á wá máa bẹ ọmọ?"

"Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú rẹ̀ wò. Èmi ni Ràúdátù." Múdàṣírù ká ẹsẹ̀ jọ sílẹ̀, ó kọjú sí ìdí igi, ó sì yọ ẹnu síta.

Yísà hú ikọ́. Ojú ń tì í. "Ràúdátù, bàbá rẹ nìyí."

Múdàṣírù fi ohùn tín-ín-rín dáhùn. "Ẹ ò tiẹ̀ bi mí léèrè."

Ọ̀rọ̀ náà gún Yísà láyà, nítorí ó mọ̀ pé bí Ràúdátù ìbá ti wí i gan-an nìyẹn. "Òótọ́ ni. N kò bi ọ́. Mo rí i pé o fẹ́ràn rẹ̀, mo sì wí nínú ara mi pé ọmọdé á gbàgbé. Èmi ni mo ṣì í. Má bínú, ọmọ mi."

Èjìká Múdàṣírù ń gbọ̀n.

"Oníwèé, ó tó. O ti ṣe é jù."

"Ẹyẹlé mi," ni Múdàṣírù wí.

"Ẹyẹlé kẹ̀? Àgbò ni."

"Ẹyẹlé funfun! Èjìká mi ló máa ń bà lé tí mo bá ń lọ sí ilé kéwú. Mo dé lọ́jọ́ kan, bàbá mi ní kí n wá jẹun. Mo jẹun. Mo lá ọwọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó béèrè pé ẹyẹlé mi dà." Omijé ti rin irùngbọ̀n rẹ̀ gbindin.

Yísà kò mọ ohun tí èèyàn ń ṣe sí ọmọ tó ti hu irùngbọ̀n. Ó ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn bí ó ti máa ń ṣe fún ẹran tó bá ń bẹ̀rù. "Má bínú, ọmọ mi. Dákẹ́."

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni Múdàṣírù wí, ó sì fọn ikun sí etí agbádá Yísà. Bí Yísà ti dìde ni ó ta jí. "Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ń lọ? Ẹ ò tíì ra ìwé!"

"Ilé ni mò ń lọ. Bí àgbà bíi tìrẹ bá ṣì ń sunkún ẹyẹlé, ti Ràúdátù kò gbọdọ̀ di ọ̀la lọ́rùn mi."

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ò tíì mú tí Yísà fi sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Oníwèé! Ó ti sọ̀rọ̀!"

"Alihamudulilai! Ẹ bẹ̀ ẹ́?"

"Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí títí. Ó sunkún, èmi náà sunkún, ìyá rẹ̀ tó lúgọ sẹ́nu ọ̀nà bá wa gbè é. Ó wá gbá ọwọ́ mi mú, ó la ẹnu."

"Kí ló wá dé tí ojú yín tún rí báyìí?"

"Kò tíì pa ẹnu náà dé!" Yísà ń nu òógùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ pàdé. "Ó tẹ̀ lé mi dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ó ń kí àwọn màlúù, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀ tí kò fún lórúkọ. Eléyìí tó sanra jù lọ, orúkọ mi gan-an ló sọ ọ́. Ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ mi, àwọn oníbàárà ti tò, ó ní, 'Bàbá, Yísà mà nìyẹn.' Oníwèé, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe bísímílà sí ara mi lọ́rùn?"