Ère Nọ́fíù Télọ̀

"Bàbá mi fẹ́ rí ọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ òmìnira, níwájú ṣọ́ọ̀bù Nọ́fíù télọ̀ ní Fájuyì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ gba agbádá wọn. Gbọ́ o, bí àyà rẹ ò bá kan ilẹ̀, kò sí ùyàwó!"

Bí Monínúọlá ṣe wí báyìí, Adébíyìí akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìdọ̀bálẹ̀ lórí ẹní. Bàbá ọ̀hún kì í ṣe ẹni à ń bá ṣeré. Tíṣà àgbà ni ní Ìyìn, pàṣán rẹ̀ ti na ọmọ, ó ti na bàbá ọmọ.

Ọjọ́ pé. Adébíyìí wọ bàtà gáráńtì tó ga débi pé òkè ló ti ń kí èèyàn. Monínúọlá yà ra gúgúrú, akọ̀wé ṣíwájú. Ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Ó rí alágbádá kan níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Gbì! Ó na gbalaja.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà! Ẹ kú ọdún òmìnira, sà!"

Bàbá ò dáhùn.

Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Iyanrìn kún imú ẹ̀. Bàbá ò mì.

"Akọ̀wé, dìde!" Ẹ̀rín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá Nọ́fíù dùbúlẹ̀. "Ère pákó tí mo fi ń pàtẹ aṣọ ni!"

"Háà! Ẹ̀rín ń pa mí!" ni Nọ́fíù tún wí.

Adébíyìí búra pé pákó kankan ò ní rí òun mú mọ́. Ó lọ bọ́jú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ibi tó ti ń bọ́jú ni Bàbá ti dé, tó gbé agbádá tuntun wọ̀. Ni rédíò bá bẹ̀rẹ̀ orin orílẹ̀-èdè. Bàbá dúró ṣánṣán. Nọ́fíù náà dúró ṣánṣán.

Akọ̀wé yọ, omi ń kán lójú ẹ̀.

"Nọ́fíù! O tún gbé èkejì jáde? Irọ́ lo pa!"

Nọ́fíù ń ṣẹ́jú sí i, ó ṣẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ, ojú fẹ́ já bọ́. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, orin ò tíì tán.

Akọ̀wé gbá ère níkùn. Bù, bù!

"Eléyìí mà sanra o! Ṣé iyán lo kì sí i nínú ni?"

Ó fa imú ẹ̀. Ó ṣí fìlà orí ẹ̀, ó fi dé orí ara ẹ̀.

"Bàbá Monínúọlá, ẹ gbà, ẹ kọ̀, mo ti gbéyàwó!"

Orin tán.

"Hùn-ún," ni ère wí. "Fìlà mi dà?"

Adébíyìí gan. Apá ò gbé, ẹsẹ̀ ò yí, ojú ò ṣẹ́.

Monínúọlá dé, gúgúrú kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá ẹ̀, ó wá kan akọ̀wé níwájú orí: kò, kò, kò!

"Bùọ̀dá Nọ́fíù, ère yín yìí mà jọ Adébíyìí o! Òun gan-an ńkọ́?"

"N ò tíì rí ẹnì kankan tó dọ̀bálẹ̀ fún mi," ni Bàbá wí.

"Ẹ má bínú, sà!" Nọ́fíù sáré dá sí i. "Ó dọ̀bálẹ̀ o! Ó tún yíràá! Ère mi ló ṣe é fún."

Bàbá gba fìlà ẹ̀, ó dé e.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ère náà fún un ní ùyàwó."