Ọrùn Tó Ń Dùn Mọ́ Ọ̀gá

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan ní iléeṣẹ́ omi tó ń fi imú wo èèyàn dípò ojú, ẹ má bi í léèrè ọ̀nà. Kò rí ọ̀nà. Igbákejì ọ̀gá ni. Lójú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Ọ̀gá Pátápátá, inú rẹ̀ sì ń dùn débi pé ó ti gbàgbé pé igbákejì ni òun. Lẹ́yìn rẹ̀, Ọlọ́rùn-Líle ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ohùn yín tẹ́ ẹ bá ń pe orúkọ yìí, kẹ́ ẹ má baà sọ ọ́ di Ọlọ́run, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò ní bínú.

Ìyàwó rẹ̀ ni ẹ jẹ́ ká wò, torí òun ni ọ̀ràn yìí dùn jù. Aránṣọ ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń tẹrí ba sídìí máṣìnì, ọrùn rẹ̀ sì ti ń dùn ún láti ìgbà tí àbígbẹ̀yìn wọn ti ń rákò. Nígbà tí sísọ́ọ̀sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rù bà á. Gbogbo wa la ń fi ọwọ́ jẹun, àmọ́ ti aránṣọ ju òkèlè lọ.

Ó gba ọsibítù lọ. Ọkọ rẹ̀ fi mọ́tò iléeṣẹ́ gbé e, kì í ṣe torí àánú, torí kí wọ́n lè rí i nínú mọ́tò. Obìnrin tó ń tọ́jú eegun àti iṣan níbẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Dókítà Iṣan, tẹ ọrùn aránṣọ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Màmá, ẹ lè máa lo oògùn ìrora," ó ní, "ṣùgbọ́n bó ṣe ń pa ìrora ló ń bá inú jà. Ẹ lè máa wá sọ́dọ̀ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ká máa na ọrùn yẹn díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ gbé tábìlì máṣìnì sókè, kẹ́ ẹ sì máa dìde sinmi. Ìyẹn máa pẹ́ kó tó yá. Tó bá wá di pé ọwọ́ yẹn ń kú lọ, iṣẹ́ abẹ ló kù."

"Ṣé iṣẹ́ abẹ máa mú un kúrò pátápátá?"

"Mi ò lè búra, màmá. Ó ń bá ẹlòmíì lára mu, ẹlòmíì á sì wà bó ṣe wà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ máa nà án, kó má lọ pẹ́ jù."

Ó fún un ní kọ́là ọrùn funfun kan, pé kó máa fi í sọ́rùn fúngbà díẹ̀ tí ìrora bá le. Nígbà tí aránṣọ délé, ó fi àjákù aṣọ olódòdó kan tẹ́ inú rẹ̀ kó má baà máa ha á lára, ó gbé e síwájú dígí, ó wọ ilé ìdáná lọ. Ìgbà tó máa padà dé, kọ́là ti wà lọ́rùn ọkọ rẹ̀.

"Wò ó," ọkọ ní, ojú rẹ̀ kò kúrò nínú dígí. "Ó gbé àgbọ̀n mi sókè."

"Tèmi ni, bàbá àwọn ọmọ."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wo bó ṣe bá mi mu."

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ̀ ọ́ lọ sí ibi iṣẹ́. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì sáré gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó jókòó dìde. Akọ̀wé kan tí kì í kí i rí ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Pẹ̀lẹ́ yìí wọ̀ ọ́ lára ṣinṣin, nígbà tó fi máa délé, ọrùn rẹ̀ ti ń dùn ún.

Èdè wa ló ràn án lọ́wọ́. Ohun tó ń roni lára, a ní ó ń dùn. Oyin náà, a ní ó ń dùn. Nígbà tí Ọ̀gá Pátápátá bá ní ọrùn òun ń dùn, irọ́ kọ́ ló ń pa, èyí tó ń wí ni kò là yé wa.

Ṣùgbọ́n kò mọ bí ìrora ọrùn ṣe rí. Nírọ̀lẹ́, á jókòó ti ìyàwó rẹ̀, á fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé, "Báwo ló ṣe ń ṣe ẹ́ gan-an?" Aránṣọ rò pé àánú ló dé, inú rẹ̀ dùn, ó ń rò ó fún un pátá. Ètè ọkọ rẹ̀ á máa mì wúyẹ́wúyẹ́ bó ṣe ń gbọ́. Obìnrin náà rò pé àdúrà ló ń gbà fún òun.

"Ọ̀la ni mo máa lọ rí Dókítà," ó sọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Ọrùn méjì kì í dùn nínú ilé kan," ọkọ dáhùn. "Ìwọ tó o ń jókòó ṣiṣẹ́, kí ni ìjókòó bí kò ṣe ìsinmi?"

"Ẹ̀yin ẹ lọ gba ìtọ́jú nígbà náà."

"Ìtọ́jú wo? Oògùn oníhóró, ti mẹ̀kúnnù ni. Kí wọ́n máa na ọrùn mi, ṣé rọ́bà ni mí? Iṣẹ́ abẹ ńkọ́? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kọ́là yìí tó mi."

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni àga tuntun ọ̀gá àgbà, àga aláwọ tó ní ibi téèyàn ń gbé orí lé. Ó lọ bá ọ̀gá àgbà, ó ní irú àga bẹ́ẹ̀ ni ọrùn òun ń fẹ́. Ọ̀gá àgbà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọrùn ń yọ lẹ́nu. Màá pe ẹnì kan wá láti ọsibítù, kó bá gbogbo wa sọ̀rọ̀. Ẹni tí onítọ̀hún bá sọ pé àga mi tọ́ sí, màá dìde fún un níṣojú gbogbo èèyàn."

Níṣojú gbogbo èèyàn kẹ̀? Inú Ọ̀gá Pátápátá dùn ju ẹni tó jogún lọ. Ó ní kí ìyàwó òun rán kóòtù tuntun fún òun, kó sì wá wòran. Aránṣọ rán kóòtù náà títí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fi kú tipiri, ó fi òsì parí rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, gbọ̀ngàn kún. Ta ni ọsibítù rán wá? Dókítà Iṣan ni. Ọ̀gá Pátápátá rọra rìn bọ́ síwájú, imú lókè.

"Níbo ló ń dùn yín, sà?"

Ó wú ikọ́. "Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpìlẹ̀ agbárí, á sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká, á gba apá ọ̀tún lọ dé ọmọ ìka."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," gbogbo gbọ̀ngàn ní. Níbi tí aránṣọ jókòó sí lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́nu ọkọ. Ìgbà yẹn ló mọ irú àdúrà tí ètè yẹn ń gbà. Ó dùn ún dọ́kàn.

"Ìgbà wo ló máa ń le jù?"

Pẹ̀lẹ́ ti pa ọkùnrin náà bí ọtí. Kò rò ó kó tó sọ ọ́. "Tí mo bá ti wà nídìí aṣọ oníbàárà láti àárọ̀, tí mo wá fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́."

"Òwú wo, sà?" Dókítà bi í. "Ní iléeṣẹ́ omi?"

Ẹnì kan fọhùn láti ẹ̀yìn: "Ọ̀gá Pátápátá, ẹ bá mi gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi kúrú díẹ̀."

"Ta nìyẹn?" Ó yí ọrùn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó yí i dé ẹ̀yìn bí òwìwí. Kọ́là já, ó bọ́ sílẹ̀, òdòdó inú rẹ̀ ṣí síta. Dókítà bẹ̀rẹ̀, ó mú un.

"Kọ́là tí mo fún màmá aránṣọ rèé. Màmá náà dà? Mi ò rí wọn mọ́."

"Èmi rèé, Dókítà." Aránṣọ dìde. "Wọ́n ní ọrùn méjì kì í dùn nínú ilé kan."

Ẹ̀rín bú. Àwọn tó ti ń sọ pẹ̀lẹ́ láti ọjọ́ yìí rẹ́rìn-ín jù, torí wọ́n fẹ́ gba pẹ̀lẹ́ wọn padà. Dókítà di ọwọ́ ọ̀tún aránṣọ mú, ó ní kó fún ọwọ́ òun pọ̀. Ó fún un tagbáratagbára, kò sì le.

"Ó ti ń rọ," Dókítà ní. "Ṣùgbọ́n a ṣì lè bá a. Ẹ máa bọ̀ lọ́la, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan dá yín dúró."

Ọ̀gá àgbà dìde, ó ti àga aláwọ náà wá síwájú, ó ní, "Màmá, ẹ jókòó." Aránṣọ jókòó, ó gbé orí lé e, ó pa ojú dé.

Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga nínú kóòtù tuntun, ó tẹrí ba, àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Ó ti pẹ́ tó ti rí bàtà ara rẹ̀ kẹ́yìn.

Aránṣọ la ojú. "Bàbá àwọn ọmọ," ó ní wẹ́rẹ́, "ṣé ó ń dùn yín báyìí?"

"Ó ń dùn mí," ó dáhùn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó sọ pé pẹ̀lẹ́.